Ẹ yé é pè mí ní alágbára: ọdún kẹrin rèé tí mò ń tọ́jú ìyá mi tí iyè wọn ti rà

Ọmọ Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, n kì í dá sí i. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kún inú mi.

Ìyá mi ti pé ọdún 78. Aṣọ ni wọ́n tà ní Gbági, níbí ní Ìbàdàn, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ẹni tó bá bá wọn ná ọjà rí á mọ̀ pé wọn kì í lo kákúlétọ̀. Wọ́n á ṣírò owó yáàdì aṣọ oníbàárà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lórí, kọ́bọ̀ ò ní í ṣẹ́ kù. Ní 2021 ni mo kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń yí. Wọ́n fún oníbàárà kan ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, a rí fóònù wọn nínú fìríìjì, a rí bọ́tà lábẹ́ ìrọ̀rí. A tún rẹ́rìn-ín. A ní àgbà ló dé.

Ní báyìí wọn ò mọ orúkọ mi mọ́. "Àǹtí" ni wọ́n ń pè mí. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á di aṣọ méjì sínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n á há a mọ́ abíyá, wọ́n á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Àǹtí, ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí lálejò. Mo fẹ́ máa lọ sílé wa kí ilẹ̀ tó ṣú." Ilé bàbá wọn ni wọ́n ń sọ. Ilé náà ti wó kí wọ́n tó bí mi.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "O lágbára gan-an o. Èmi ò lè ṣe é láé. Ọlọ́run tó fún ẹ lókun á máa fún ẹ lọ." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣé mà. Ìgbà tí mo délé, mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹkún mi. Obìnrin yẹn ò ṣe mí níbi kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti pè mí ní alágbára, ohun tí etí mi ń gbọ́ ni pé òun ò ní í wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, kí ló ń gbé yín ró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì dá mi lóhùn. Mo mọ̀ wọ́n, mo sì ń gbàdúrà. Oorun ni mi ò rí sùn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì · Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú Mọ́mì o. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì tọ́jú bàbá tó bí mi nínú àìsàn yìí fún ọdún mẹ́fà. Mo ti dúró níbi tí nọ́ọ̀sì ń dúró sí, mo sì ti sùn lórí ẹní àwọn ẹbí aláìsàn.

Kí n tó dáhùn, èmi náà ní ìbéèrè méjì. Ṣé dókítà ti rí Mọ́mì? Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ló jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Alzheimer, orúkọ dókítà ará Jámánì tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906 ni wọ́n fi pè é. Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣàn dé ọpọlọ bó ṣe yẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n àìtó fítámì B12, thyroid (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn, àní oògùn tí àgbà ń lò fún nǹkan míì, gbogbo wọn ló lè mú kí àgbà máa gbàgbé, ìwọ̀nyẹn sì ní ìtọ́jú. Tó bá jẹ́ lójijì ni, láàrin ọjọ́ méjì mẹ́ta, tí àgbà ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má sọ pé arán ló ń ṣe. Ẹ lọ yẹ ìtọ̀ wọn wò. Kòkòrò ojú ìtọ̀ nìkan ti tó láti da orí àgbà rú.

Níbi tí ẹ wà yẹn, UCH ní ilé ìtọ́jú tó jẹ́ ti àwọn àgbà nìkan, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, láti 2012. Ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀ tí ẹ ò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kejì: wákàtí mélòó lẹ ń sùn lóru?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Dókítà ti rí wọn, mà. Alzheimer ni wọ́n pè é, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́. Wọ́n fún wọn ní oògùn kan, donepezil. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ fún bí ọdún kan, ọ̀rọ̀ wọn já gaara sí i, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í wo àìsàn náà sàn.

Oorun: wákàtí mẹ́ta. Mẹ́rin tí Ọlọ́run bá ṣe é. Kì í sì í ṣe ní àsùnpọ̀.

Bàbá Ìbejì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 71 ni mí, Òṣogbo ni mo wà. Ìyàwó mi ni èmi ń tọ́jú, ọdún karùn-ún rèé. Tíṣà ni. Ó fi ọdún 33 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé.

Wọ́n ní kí n lọ mú ọmọbìnrin kan wá láti abúlé, pé ọkùnrin kì í wẹ ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin wo ló máa mọ̀ pé kì í fẹ́ kí omi kan orí òun lákọ̀ọ́kọ́, pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ró ìró. Gbogbo èyí tí mo kọ́kọ́ ró ló ń tú lójú ọ̀nà. Mo wá gbé wọn fún télọ̀, ó bá mi fi rọ́bà sí i nídìí.

O bèèrè ohun tó ń gbé wa ró. Méjì ni tèmi. Èkíní ni ayò. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ọmọ àbúrò mi á wá jókòó tì í, èmi á lọ ta ayò lábẹ́ igi ọdán. N kì í sọ̀rọ̀ ilé níbẹ̀. Wọ́n á bú mi, èmi náà á bú wọn. Èkejì ni pé mo ti gbà fún ara mi láti máa rẹ́rìn-ín. Lóṣù tó kọjá, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ta ni ẹ́?" Mo ní, "Ọkọ ẹ ni." Ó ní, "Irọ́ ni. Ọkọ mi ò darúgbó báyìí."

Mo lọ wo dígí. Òótọ́ ló sọ.

Ká Sọ Òótọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 àárọ̀

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí? Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ̀rọ dókítà ò lè rí. Ìyá àgbà tó ń dìde lóru, tó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀, tó ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Bí wọ́n ṣe máa ń ka bòròbòrò nìyẹn. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:05 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, torí mo ti rí ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ń gbéni dé. Ní 2018, ìyá tó bí ìyá mi ṣílẹ̀kùn jáde ní aago mẹ́ta òru, wọ́n ń wá ọ̀nà oko. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn lábẹ́ igi ní àdúgbò kejì, bùbá nìkan ló wà lọ́rùn wọn. Kí a tó débẹ̀, èrò ti pé lé wọn lórí. Wọ́n ní ẹyẹ ló já bọ́. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà, ohun tí ẹ bá bi í ló máa gbà. "Ṣé ìwọ lo pa ọmọ rẹ?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ìwọ lo ń dí ọ̀nà wọn?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan ti mú òkúta lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní ìkóríta yẹn ló dá wọn mọ̀, òun ló dúró sáàárín.

Láti ọjọ́ yẹn, a rán nọ́ńbà fóònù mi mọ́ etí gbogbo ìró wọn, lápá inú. Lẹ́yìn náà ni màmá mi mú wọn lọ́wọ́, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé: ìyá ẹlẹ́kọ, àwọn ọlọ́kadà, máláàmù tó ń ṣọ́ gèètì. "Ìyá mi nìyí. Iyè wọn ti rà. Tí ẹ bá rí wọn níta, ẹ bá mi mú wọn wálé." Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn ọlọ́kadà ti gbé wọn wálé lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá fi àìsàn yìí pamọ́ ló ń dá nìkan ṣọ́ aláìsàn. Àwa, gbogbo àdúgbò ló ń bá wa ṣọ́ wọn.

Ká Sọ Òótọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Mo gbọ́. Ẹ má bínú.

Ará Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:17 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá mi ti wà níbí láti 1974, òyìnbó wọn dùn ju tèmi tí wọ́n bí síbí lọ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà nù. Yorùbá nìkan ló kù, Yorùbá Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀, tí èmi gan-an ń fi fóònù bi àwọn àǹtí mi léèrè.

Káńsù ń rán òṣìṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lọ́jọ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá Bàbá tí ètè wọn gbẹ. Òṣìṣẹ́ náà ní ara Bàbá ò balẹ̀ láti àárọ̀, pé wọ́n kàn ń pariwo "oh me, oh me". Omi ni wọ́n ń bèèrè. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n fi bèèrè omi ní ìlú tí omi ti ń ṣàn nínú ògiri.

Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ̀rọ̀ 20 sórí páálí, mo ya àwòrán sí i: omi, ebi, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, mo fẹ́ tọ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Òṣìṣẹ́ tuntun kan, ọmọ Ghana, ti há gbogbo rẹ̀ sórí báyìí, ó tún fi "ẹ kú àárọ̀, sà" kún un, ó ń dọ̀bálẹ̀ gan-an. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè máa rò pé ọ̀run ni ibí. Lóòótọ́, owó kan wà tí ìjọba ń san fún ẹni tó bá ń tọ́jú ẹbí fún wákàtí 35 ó kéré tán lọ́sẹ̀, kò tó nǹkan. Òfin 2014 ní England sọ pé kí káńsù wá yẹ èmi tí mò ń tọ́jú wọn wò pẹ̀lú, kì í ṣe Bàbá nìkan. Àwọn nọ́ọ̀sì kan tún wà, Admiral Nurse ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹbí aláìsàn ìgbàgbé ni iṣẹ́ wọn dá lé. Èyí tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù nìkan ni ẹni tó bi mí léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́?" Àmọ́ fọ́ọ̀mù ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ní ẹbí, àwa ní fọ́ọ̀mù.

Ọmọ Rere · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:50 ọ̀sán

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìbùkún lo ń kó jọ yẹn, arábìnrin. Má ráhùn.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 alẹ́

Ẹ ṣé. Òkété tí ẹ ń sọ yẹn, ọmọ mélòó ló bí? Ìyá mi bí mẹ́rin. Ọmú ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu.

Ará Peckham, ẹ ní a ní ẹbí. Ẹ jẹ́ kí n ka ẹbí náà fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Amẹ́ríkà, ó ń fi owó ránṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i, kò jẹ́ kí oògùn tán rí. Ṣùgbọ́n ó tún ń fi àṣẹ ránṣẹ́. Lórí WhatsApp ló ti ń sọ fún mi pé kí n má fún wọn ní búrẹ́dì, pé òun kà á níbì kan. Àbúrò mi obìnrin ní ọmọ kékeré mẹ́ta. Èyí tó kù ní òun ò lè rí Mọ́mì báyìí, pé ó ń dun òun jù. Ó ń dùn ún! Èmi tí mò ń pààrọ̀ pampers, ó ń dùn mọ́ mi ni?

Ẹ̀gbọ́n Tó Wà Lókè Òkun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:48 alẹ́

Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń sọ yẹn o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi. Houston ni mo wà, àbúrò mi obìnrin ló wà lọ́dọ̀ ìyá wa nílé. Èmi náà pàṣẹ fún ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ àṣẹ yẹn: ìtìjú ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó aláìsàn, ẹnu ló kù fún un.

Lọ́jọ́ kan àbúrò mi pè mí, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó yín ń ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ni mo nílò. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ara Mọ́mì kì í gbélẹ̀." Aago mẹ́fà nílé, aago méjìlá ọ̀sán ni lọ́dọ̀ mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ibí, àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti ní ká sinmi, inú mọ́tò mi ni mò ń lọ. Àbúrò mi á gbé fóònù sórí tábìlì, èmi àti Mọ́mì á máa kọ orin ìjọ. Wọn ò mọ ẹni tí mo jẹ́. "Bọ̀ọ̀dá olórin" ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n mọ̀, èmi ni mo ń wo ìwé. Láàárín ìgbà yẹn, àbúrò mi á wẹ̀, á jẹun, á ti ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀.

Ẹ má dúró kí ẹ̀gbọ́n yín rò ó fúnra rẹ̀. Ẹ gé iṣẹ́ fún un. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ aago.

Tíṣà Ìtàn · Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Mo ti rí ẹni méjì lórí ojú-ewé míì tí wọ́n ní àrùn òyìnbó ni èyí, pé kò sí nílẹ̀ wa. Ìbàdàn gan-an ni wọ́n ti wádìí rẹ̀. Ní 1992, àwọn dókítà UCH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi, pẹ̀lú àwọn ará Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àgbà ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 sọ pé nínú 1,000 àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè, bí 13 sí 14 ni àìsàn ìgbàgbé, gbogbo oríṣi rẹ̀ pọ̀, ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 32 ni. Ó kéré lọ́dọ̀ wa lóòótọ́. Kíkéré kọ́ ni àìsí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yẹn rèé: kì í ṣe àgbà nìkan ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Wọ́n á tún pe ẹbí tó ń gbé pẹ̀lú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á bi í pé kí ló ti yí padà. Ẹni tó rí bọ́tà lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀rí rẹ̀ wọ ìwé.

Tí ẹ bá sì ń sọ̀rọ̀ ẹbí, ẹ má gbàgbé Aro ní Abẹ́òkúta. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ó ní kí wọ́n máa gbé inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ṣùgbọ́n ó pọn dandan kí ẹbí kan bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Àwọn èèyàn máa ń yin èyí, wọ́n á ní "ẹ wò ó, ẹbí ni oògùn." Wọ́n ń gbàgbé ìdajì ìtàn. Ẹbí yẹn ò dá wà. Nọ́ọ̀sì wà nítòsí, dókítà wà nítòsí, onílé ń wò wọ́n, ilé kejì náà ní aláìsàn tirẹ̀. A mú apá "ẹbí ló máa ṣe é", a sọ ìyókù nù, a wá ń pe ẹni tó kù nìkan ní alágbára.

Ìyàwó Ilé · Ọjọ́rú, 9:33 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè tó ń da èmi àti ọkọ mi rú. Ìyá ọkọ mi máa ń bèèrè Bàbá láràárọ̀. Bàbá ti kú láti 2015. Lákọ̀ọ́kọ́ mo máa ń sọ òótọ́: "Màmá, Bàbá ti sinmi." Wọ́n á káwọ́ lérí, wọ́n á ké bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ náà ni! Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń túfọ̀ ọkọ wọn fún wọn láràárọ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ní báyìí mo máa ń ní Bàbá lọ Kánò. Wọ́n máa ń lọ Kánò lọ́jà nígbà ayé wọn. Màmá á ní "kí wọ́n tètè bọ̀ o", wọ́n á mu ẹ̀kọ wọn. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé a ò gbọ́dọ̀ parọ́ fún òbí.

Ọmọ Rere · Ọjọ́rú, 9:58 àárọ̀

Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́.

Bàbá Ìbejì · Ọjọ́rú, 10:04 àárọ̀

Èmi á parọ́. Tí Ọlọ́run bá bi mí, mo mọ ohun tí mo máa sọ.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì · Ọjọ́rú, 12:40 ọ̀sán

Ìyàwó Ilé, ọ̀nà kẹta wà tí ọkọ yín ò ní í bínú sí. Ẹ má ní Bàbá kú, ẹ má ní wọ́n lọ Kánò. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan nípa Bàbá. "Ẹ̀ ń wá Bàbá? Oúnjẹ wo ni wọ́n fẹ́ràn jù?" Nígbà tí bàbá tèmi bá ń bèèrè ìyá mi, mo máa ń ní, "Ìyá yẹn mọ ọbẹ̀ se o." Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ lásán á gbà wá dé ọ̀sán. Àárò ẹni náà ló ń sọ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ti ẹni tó fẹ́ máa lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ náà nìyẹn, Ọmọ Ìyá Aláṣọ. Ẹ má bá wọn jiyàn pé ibí ni ilé wọn. Ẹ bá wọn gbé láílọ́ọ̀nù náà, ẹ sìn wọ́n jáde, ẹ yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ wá ní, "A ti dé." Ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú, òjìji ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:55 àárọ̀

Mo dán yíyí ilé ká wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta la yí i lánàá, wọ́n kí ògiri wa pé "ẹ kúulé". Ó ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ nǹkan míì, kí ẹ má sì ṣe mí jẹ́jẹ́. Lóru yìí, ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, wọ́n tún tú pampers, wọ́n tún tọ̀ sílẹ̀. Mo fà wọ́n lọ́wọ́. Mo pariwo mọ́ wọn, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe gan-an?" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná tán. Ìka mi mẹ́rin hàn lápá wọn. Wọn ò rántí. Wọ́n na apá náà sí mi, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó, ó jọ pé nǹkan kan bù mí jẹ."

Èmi ni nǹkan náà.

Bàbá Ìbejì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:20 àárọ̀

Èmi náà. Ní ọdún kejì. Mo tì í, ó jókòó sílẹ̀ gbì. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:45 àárọ̀

Mi ò ní í ṣe yín jẹ́jẹ́, torí ẹ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá ti rí i pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ rí i pé wọn ò ní í ṣubú, ẹ jáde nínú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ìtọ̀ ò ní í sá lọ, yóò dúró de yín fún ìṣẹ́jú 10. Apá wọn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú mọ́mọ́. Tó bá wú, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sì sọ òótọ́ fún un.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí àwọn dókítà ń lò, Zarit ni wọ́n ń pè é, ìbéèrè 22, ẹni tó ń tọ́jú ni wọ́n ń bi, kì í ṣe aláìsàn. Ẹ bèèrè rẹ̀ níbi tí ẹ ń gbé Mọ́mì lọ. Ẹ sì wo iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò: ní ìpíndọ́gba, ẹbí ń lo wákàtí 5 lójúmọ́ lórí irú aláìsàn yìí. Ẹ̀yin ń lo 20. Ẹni tó bá sun oorun wákàtí mẹ́ta fún ọdún mẹ́rin, tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà burúkú mọ́. Ẹ̀yin náà ti di aláìsàn inú ilé yẹn.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí. Lọ́la, ọjọ́ Àìkú. Obìnrin yẹn á tún wá di ọwọ́ yín mú.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:03 àárọ̀

Kí n ní kí ló ṣe?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:06 àárọ̀

Ẹ ní: "Ẹ ṣé mà. Mi ò lágbára o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jókòó ti Mọ́mì lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́rin sí mẹ́fà." Kí ẹ wá panu mọ́. Ẹ má fi "tí àyè bá wà" kún un.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 9:12 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo sọ ọ́. Obìnrin náà wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kí ni màá máa bá wọn sọ?" Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀rù ló ń bà á láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní kó máa ki wọ́n. Àbẹ̀kẹ́ loríkì wọn, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni wọ́n.

Ó wá. Ní ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo lọ dirun. Mo sùn sórí àga onídìrí kó tó ya irun mi tán, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ìgbà tí mo padà, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ wọn. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn..." ó sì gbàgbé ìyókù. Ìyá mi, tí kò mọ orúkọ mi, tí kò mọ ọjọ́ òní, fi ọwọ́ lu itan: "Iwájú ni wọ́n fi ń gbọta! Ta ló kọ́ ẹ ní oríkì?" Gèlè obìnrin náà wà lórí wọn. Wọ́n ti tún un wé, ó dára ju bí olówó rẹ̀ ṣe wé e lọ.

Ó ti wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀sẹ̀ yìí ó mú ẹnì kejì dání. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba aago mẹ́fà ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ohùn rẹ̀ burú, kò mọ orin kankan, ìròyìn ló ń kà fún wọn. Mo sùn wákàtí márùn-ún lánàá.

Apá wọn ti jinná. Mo ṣì ń wò ó.

Bàbá Ìbejì · Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 alẹ́

Irun wo lo dì?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Ẹtì, 9:34 alẹ́

Ṣùkú, sà. Àwòrán rẹ̀ nìyí.

Bàbá Ìbejì · Ọjọ́ Ẹtì, 9:51 alẹ́

Mo fi han ìyàwó mi. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n pé ta ni bàbá arúgbó tó ń fi irun obìnrin han òun lálẹ́ yìí.